Bí ẹ bá fẹ́ tún Ògbójú Ọdẹ kà lẹ́yìn tí ẹ ti dàgbà

Ẹnu ni kí ẹ fi kà á, ẹ má fi ojú lásán kà á. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún àwọn tá a jọ ń ta ẹja lọ́jà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tún ìwé Fágúnwà ṣí. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ ìlù àgídìgbo ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn tó gùn lójú, bí ẹ bá là á sókè, ẹ ó gbọ́ ibi tó ti ń mí. Ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe lọ́dún 1968 dára, àmọ́ ti Yorùbá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé.

Ẹ má sáré kà á tán. Akàrà-ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà nínú ìwé, fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ tán lọ́jọ́ kan. Ó ń lọ, ó ń padà wá, èrò sì ń pọ̀ sí i. Ibi tó bá dúró sí ni kí ẹ dúró sí. Lẹ́yìn ìrun Íṣáì, tí mo bá ti kó ẹja kúrò lórí ààrò, ọmọbìnrin mi ni mo ń kà á fún.

Ibi tí ẹ máa rọra kà jù ni ibi tí Kàkó, ọdẹ alágbára kan, ti fẹ́ bá Akàrà-ògùn àti àwọn ọdẹ yòókù lọ sí Òkè Láńgbòdó, ibi tí ọba rán wọn lọ. Lọ́mọdé, kùmọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kó má fi òun sílẹ̀. Kàkó yọ àdá, ó ṣá a. Orúkọ Kàkó ló ń ké bó ṣe ń kú lọ. Kàkó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ìtàn náà sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ mi bi mí pé, "Màámi, ta ló sin ín?" Ẹ má fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣeré, àgbà ló yẹ kó bèèrè rẹ̀.

Tó bá di ilé olójúlé méje ti Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n tí wọ́n bá ní Òkè Láńgbòdó, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń fò nígbà náà torí kò sí iwin níbẹ̀ mọ́, ẹ mú pẹ́ńsù dání. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ti tọ́mọ ló lè bá a jiyàn. Èyí tí mo gbà, mo fa ìlà sí i nídìí. Èyí tí mi ò gbà, mo kọ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.