Àkáǹtì tèmi, ní Nyanya

Irun ni mo ń dì ní Nyanya, ní Abuja, lọ́dọ̀ àǹtí mi. Bí oníbàárà bá ti ní "Àkáǹtì ńkọ́?", nọ́ńbà àǹtí ni mò ń kà fún un. Àǹtí kì í ṣe olè o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣùgbọ́n owó irun mi àti owó ìrẹsì tí wọ́n ń tà ti dà pọ̀. Bí mo bá bèèrè tèmi, wọ́n á ní, "Ṣebí mo fún ẹ ní 2,000 lánàá?" Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 19, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣí ti orí fóònù, pé kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó yá lóòótọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti àkáǹtì náà pa, ta ni mo fẹ́ lọ bá? Mo fẹ́ ibi tí mo lè wọlé sí, kí n rójú ẹni tí màá bínú sí. Àǹtí tún fi kún un pé tí báńkì ńlá bá kógbá sílé, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báńkì, yóò san tó mílíọ̀nù 5 náírà fún oníbàárà, pé mílíọ̀nù 2 ni ti microfinance, àwọn báńkì kéékèèké. Ẹ̀rín pa mí. Owó mi ò tíì pé 60,000! Báńkì tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ni mo mú.

Mo kó ìwé NIN, fọ́tò passport méjì àti ìwé owó iná lọ. Savings ni mo ní kí wọ́n ṣí, torí current ń fẹ́ ẹni méjì tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́. Ẹ ṣọ́ra ṣá: tí ẹ bá gbowó nínú savings ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù, èlé oṣù yẹn ti wọmi.

Wàhálà dé nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n ń gbà, irun dídì sì ti họ ojú àtàǹpàkò mi. Ẹ̀rọ ò kà á. Mo nù ún, mo tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó gbà. Ká tó mí kanlẹ̀, orúkọ tún kọ̀. Rasheedat ni mo kọ sórí fọ́ọ̀mù, Rashida ló wà lórí NIN, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é. Akọ̀wé báńkì ní ti NIN làwọn máa tẹ̀ lé, àfi tí mo bá lọ tún un ṣe kí n tó padà wá. Èmi tí mo ti jókòó láti àárọ̀? Mo gba fọ́ọ̀mù mìíràn, mo kọ Rashida.

Lọ́jọ́ kejì ni nọ́ńbà àkáǹtì ẹlẹ́yọ mẹ́wàá náà wọlé sórí fóònù mi. Àǹtí ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí, torí wọ́n jẹ mí ní 4,000 owó irun. Wọ́n tẹ nọ́ńbà náà, wọ́n dúró, wọ́n yí fóònù sí mi.

"Ta ni Rashida?"