Bí ẹ ṣe lè fi ewé, ilá àti dígí kọ́ ọmọ ní ìbáramu ẹ̀gbẹ́ méjì

Ẹ kọ Ọ̀YỌ́ ní lẹ́tà ńlá sórí bébà, kí àmì ohùn rẹ̀ pé, kí ẹ wá gbé dígí dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀YỌ́ náà lẹ máa kà nínú dígí. A ó padà síbẹ̀. Ìbáramu ẹ̀gbẹ́ méjì ni pé kí ẹ̀gbẹ́ kan nǹkan bá èkejì mu rẹ́gí bí a bá ṣẹ́ ẹ po tàbí tí a wò ó nínú dígí. Ewé ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Ewé. Ewé mángòrò pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ débi pé kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè bí ẹ bá já mẹ́wàá. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní márùn-ún. Ẹ má mú ewé tuntun tó ṣì pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀ jù. Èyí tó ti gbẹ á fọ́. Kí ọmọ ṣẹ́ ẹ po lójú igi tó la ewé náà láàárín, kó wo bóyá etí kan bá èkejì mu rẹ́gí. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Bó bá yọ díẹ̀, ẹ má pè é ní àṣìṣe, bí igi ṣe ń so ewé nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ewé dóńgóyárò kan ṣoṣo, kó ṣẹ́ òun náà po. Èyí ò ní bára mu, torí ó tẹ̀ bíi dòjé, apá kan sì fẹ̀ ju èkejì lọ nídìí, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá. Ẹ bi í pé, "Níbo ni kò ti bára mu?" Bí ẹ bá bi í pé "Ṣé ó bára mu?", ọ̀pọ̀ ọmọ á kàn dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kí inú yín lè dùn.

Bébà. Ẹ ya ojú ìwé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ọ̀nà mélòó la lè gbà ṣẹ́ ẹ sí méjì tí gbogbo etí á fi bára mu? Méjì péré ni: níbùú àti lóròó. Àwọn ọmọ sábà máa ń fi ẹ̀kẹta kún un, láti igun dé igun. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ ẹ, kí wọ́n rí bí etí ṣe yọ síta. Ohun tó ń tàn wọ́n ni pé bí a bá gé e láti igun dé igun, ìdajì méjèèjì dọ́gba lóòótọ́. Àmọ́ kí ọ̀kan tó lè bo èkejì, àfi ká yí i po, ṣíṣẹ́ nìkan ò tó. Ẹ wá fi àlùmọ́gàjí gé bébà náà kí òró àti ìbú rẹ̀ dọ́gba: ojú ìlà tí a lè ti ṣẹ́ ẹ po á di mẹ́rin, ti igun sí igun á sì bá a mu wàyí.

Ilá. Àgbàlagbà ni kó di ọ̀bẹ mú. Ẹ mú ilá tó sanra, ẹ gé e níbùú, kí ọ̀bẹ má dagun, torí bó bá dagun, ìràwọ̀ inú rẹ̀ á fà gùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ da ojú rẹ̀ dé orí àkísà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí omi tó ń fà lè dín kù, kí ẹ tó fi tẹ búlúù ìfọṣọ tí ẹ po kó ki. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Yàrá márùn-ún ló sábà máa ń ní. Ẹ lè rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ń yí ilá oníyàrá márùn-ún díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni yóò bá ara rẹ̀ mu kó tó yípo tán. Ìbẹ́pẹ tí ẹ gé níbùú náà ní ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún nínú. Bí ẹ bá ní igbá fínfín Ọ̀yọ́ nílé, kí ọmọ fi ìka wá ibi tí ọnà orí ọmọrí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe.

Dígí àti lẹ́tà. Dígí kékeré tí kò ní férémù ni kí ẹ lò, kí ẹni tó ń gé gíláàsì bá yín fi òkúta pa etí rẹ̀. Gíláàsì tó nípọn máa ń fi àlàfo sáàárín àwòrán àti ohun tí à ń wò, torí náà ẹ̀yìn dígí ni kó sún mọ́ ojú ìlà tó pín nǹkan náà sí méjì.

Nínú lẹ́tà 25 tí ábídí wa ní, mẹ́wàá ni dígí ò lè yí padà: A, H, I, M, O, Ọ, T, U, W, Y. Ẹ fi wọ́n kọ ọ̀rọ̀. ỌMỌ yege. ỌWỌ́ kò yege, torí ọ̀tún nìkan ni àmì wà. Ọ̀WỌ̀ náà kùnà: àmì ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì di àmì ohùn òkè, kò sì sí Yorùbá tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní ti Ọ̀YỌ́, àmì ìsàlẹ̀ di àmì òkè, àmì òkè di àmì ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì tún pààrọ̀ àyè, ọ̀rọ̀ náà sì dúró digbí.

Kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ má bínú, G, B àti Ṣ ni ò gbà fún wọn. Kí àwọn ọmọ wá dán orúkọ tiwọn wò. Gbogbo lẹ́tà AYỌ̀ ló yege lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kùnà. Ẹ ní kí ọmọ tò wọ́n léra, A lókè, Y láàárín, Ọ̀ nísàlẹ̀: ẹyọ àmì ohùn kan ṣoṣo ló kù tí kò gbà.