Bí a ṣe lè fi ògì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fásitì nípa ìlera ìfun

Àwọn kòkòrò tó ń bá wa gbé inú ìfun kò ṣeé fojú rí, ìdí nìyẹn tí àlàyé ẹnu lásán kì í fi í wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára. Ògì ni kí ẹ fi hàn wọ́n.

Ẹ ṣa àgbàdo agolo mílíìkì 4. Èyí tó bá ti bu, ẹ sọ ọ́ nù, torí iná kì í pa májèlé inú rẹ̀. Ẹ rẹ ìyókù sínú omi tútù tó mọ́ fún ọjọ́ 2, kí ẹ pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá lọ̀ ọ́, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ pín ògì náà sínú ìgò méjì tó mọ́ gaara: ọ̀kan sórí tábìlì, èkejì sínú fíríìjì. Ẹ má dé wọn pinpin, torí gáàsì á wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ẹ ti rẹ àgbàdo ni kí wọ́n ti máa ki pépà pH, èyí tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn, bọ omi rẹ̀ láràárọ̀, kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí ni kíkan ń pọ̀ sí. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti bíi 6; ti orí tábìlì á wálẹ̀ dé bíi 4, ti inú fíríìjì á falẹ̀. Kòkòrò rere tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus ló ń jẹ ṣúgà àgbàdo, tó ń sọ ọ́ di ásíìdì. Bí kò bá kan, bóyá omi gbígbóná lẹ lò, tàbí omi ẹ̀rọ tí klórínì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá hu nǹkan dúdú tàbí pupa, ẹ dà á nù.

Ẹ má sọ fún wọn pé ògì gbígbóná ń kó kòkòrò rere wọ inú. Iná ti pa wọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu omíkan tútù tí ẹ ṣe ní kíláàsì.

Eèrí tó kù nínú asẹ́ ńkọ́? Ẹ gbé e fún wọn, kí wọ́n fọwọ́ pa á. Fáíbà ni, oúnjẹ àwọn kòkòrò inú ìfun, òun gan-an la sì máa ń dà nù. Ó dára kí mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà bá ògì rìn. Àgbàlagbà nílò fáíbà tó tó gíráàmù 25 lóòjọ́. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 11. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀, kó fi ṣíbí mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, kó máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kó sì máa mu omi dáadáa. Ẹni tó bá fi abọ́ ńlá bẹ̀rẹ̀, inú á wú u, kò sì ní fẹ́ rí ẹ̀wà mọ́. Kí wọ́n rẹ ẹ̀wà mọ́jú, kí wọ́n da omi rẹ̀ nù kí wọ́n tó sè é. Ìyẹn ń dín gáàsì kù.

Ọ̀rọ̀ Flagyl ni kí ẹ má fi ṣeré rárá. Ẹni tó bá ṣu gbuuru lẹ́ẹ̀mejì péré á ti dé kẹ́míìsì. Oògùn yìí kì í pa fáírọ́ọ̀sì, tó sábà máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó sì ń pa nínú àwọn kòkòrò rere. Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni kí wọ́n kọ́kọ́ mu: omi tó mọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu, nítorí náà kí olúkúlùkù wọn ti ara rẹ̀ níṣojú yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ara bá ń gbóná, tàbí bí ènìyàn kò bá tọ̀ mọ́, kó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.