Bí A Ṣe Lè Gba Àwọn Fíìmù Àtijọ́ Là ní Kétu, Kí Ará Ìlú sì Rí Wọn Wò

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó bá ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò, róòlù fíìmù tàbí àwo VCD àtijọ́ nílé ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ó sì ń gbèrò láti kó ará ìlú jọ kí wọ́n wò wọ́n; ẹni tí ó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ náà lè lò ó. Kì í ṣe fíìmù àwọn òṣèré nìkan ni mo ní lọ́kàn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí oníṣẹ́ fídíò yà ní ojúde, ìwúyè ọba, ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó, eré orí ìtàgé tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe, gbogbo wọn ni fíìmù ìlú. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ó yé wa kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀dà ni a kọ́kọ́ ń ṣe, ìwòran ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá gbé ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n ọdún sẹ́nu ẹ̀rọ níwájú èrò lè wò ó ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ó má sì tún rí i wò mọ́ láé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ fọ́tò àti fídíò àtijọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà kò wá gbà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mọ́ṣáláṣí, àti àwọn tí ó máa ń ra fíìmù Yorùbá bọ̀ láti Nàìjíríà ní ọ̀nà Ìlárá. Ẹ má gba nǹkan ẹnikẹ́ni láìkọ ìwé fún un: orúkọ ẹni tí ó yá yín, ohun tí ó yá yín, ọjọ́ tí ẹ óò dá a padà. Ẹ ya fọ́tò àkọlé tí ó wà lára páálí, ẹ má sì kọ nǹkan kan lé e lórí, nítorí pé àkọlé àtijọ́ tí kò dá yín lójú lónìí lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí a óò ní lọ́la.

Àwọn fíìmù wa kan wà lókè òkun. Bàbá Francis Aupiais, àlùfáà Kátólíìkì tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Àjàṣẹ́, àti ayàwòrán Frédéric Gadmer ya fíìmù ní Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, ní ọdún 1930, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Albert-Kahn ní ẹ̀gbẹ́ Paris ló sì tọ́jú wọn. Ẹgbẹ́ ìlú lè kọ lẹ́tà sí irú ilé bẹ́ẹ̀ láti béèrè ẹ̀dà tí a lè fi han ará ìlú; lẹ́tà náà sì máa ń lágbára jù bí ó bá gba ọwọ́ mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú, tàbí ààfin jáde.

Bí àwọn nǹkan náà bá pọ̀, a ní láti yan èyí tí yóò ṣáájú. Láti ìgbà tí UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún àjọjẹ́ ọmọ aráyé ní 2008, kámẹ́rà kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ní ojúde Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nítorí náà, lójú tèmi, èyí tí a yà ṣáájú ọdún 2001 ni kí ó kọ́kọ́ gba ọwọ́ wa. Fíìmù òṣèré tí wọ́n tẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè dúró díẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìkejì kò lè dúró.

Ohun tí ń pa fíìmù àti tẹ́ẹ̀pù

Róòlù fíìmù onípílásítíìkì àtijọ́, bóyá mílímítà 16 tàbí 8, máa ń kan bí ó bá ti ń bàjẹ́. Ẹ ṣí agolo rẹ̀ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: bí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ìbàjẹ́ ti wọ̀ ọ́, òórùn yẹn sì lè ran èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ àtijọ́ láti dán an wò, nítorí pé ó ti sún kì, eyín ẹ̀rọ yóò sì fa ihò etí rẹ̀ ya. Iṣẹ́ àwọn tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ya fíìmù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni èyí, àwọn bẹ́ẹ̀ kò sì sí nítòsí wa. Ohun tí ó kù fún wa ni pé kí a mọ bí ó ṣe gùn tó kí a tó béèrè iye owó. Róòlù mílímítà 16 tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 400 máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 11. Fíìmù tí ó bá dàgbà tó ti ọdún 1930 yẹn tún ní ewu mìíràn, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà náà a máa gbaná kíákíá. Ẹ má tọ́jú irú rẹ̀ sínú ilé tí ènìyàn ń sùn.

Ti kásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Lẹ́ẹ̀ tí ó so eruku irin mọ́ ara tẹ́ẹ̀pù máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, yóò sì máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Èbu náà máa ń hù níbi tí ọ̀rinrin bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin wa máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ní àkókò òjò. Ẹ wo ojú fèrèsé kékeré tí ó wà lára kásẹ́ẹ̀tì: bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára tẹ́ẹ̀pù, ó ti bu, kí ẹ má sì fi í sẹ́nu ẹ̀rọ rárá, nítorí pé ẹ̀rọ náà yóò kó èbu ran gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí ó bá tún wọ inú rẹ̀. Ẹ bo imú àti ẹnu yín bí ẹ bá ń fọwọ́ kan irú rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì kan, ẹ wá ègé pílásítíìkì kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ ẹ dànù. Bí ègé náà kò bá sí mọ́, ẹ̀rọ kò ní lè gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí a óò fi ṣe é, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ to àwọn kásẹ́ẹ̀tì ní ìdúró bí ìwé, nínú yàrá tí òrùn kì í tàn sí, tí kò kan páànù òrùlé, tí ó sì jìnnà sí gbohùngbohùn ńlá, nítorí pé irin òòfà inú gbohùngbohùn lè pa ohun tí ó wà lórí tẹ́ẹ̀pù rẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe ẹ̀dà

Ilé iṣẹ́ Funai ní ilẹ̀ Jàpáànù, tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ VHS tí a fi ń wo kásẹ́ẹ̀tì fídíò, dáwọ́ dúró ní oṣù Keje ọdún 2016. Ẹ̀rọ àlòkù nìkan ló kù tí a lè rà, a sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Níbí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa, nítorí ohun kan tí àwọn ará Nàìjíríà kì í ronú kàn. Tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè wa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1978, lo ọ̀nà tí àwọn Faransé ń gbà fi àwòrán aláwọ̀ ránṣẹ́, tí à ń pè ní SECAM, nígbà tí Nàìjíríà lo PAL. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n ní Kétu lè jẹ́ SECAM, kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà ní Èkó yóò jẹ́ PAL, àwọn méjèèjì a sì máa wà nínú àpótí kan náà. Bí ẹ bá fi ti SECAM sínú ẹ̀rọ tí ó mọ PAL nìkan, àwòrán yóò jáde ní dúdú àti funfun, ẹ óò sì rò pé àwọ̀ ti ṣá. Kò ṣá. Ẹ wá ẹ̀rọ tí ó mọ méjèèjì, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ̀rọ kékeré tí ó so fídíò mọ́ kọ̀ǹpútà náà mọ SECAM.

Kásẹ́ẹ̀tì tí kò níyelórí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rọ wò. Bí àwòrán bá ń já tàbí tí ó kún fún ìlà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń tún fídíò ṣe fi spírìtì nu hẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ibi tí ń ka tẹ́ẹ̀pù. Òwú kò dára fún un, nítorí pé fọ́nrán òwú máa ń há sí i. Ẹ wá wé ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì dé òpin, kí ẹ tún wé e padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí tẹ́ẹ̀pù lè fà dọ́gba, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà láti òpin kan dé ìkejì láìdá a dúró. Ẹ má gé ibi tí kò dùn kúrò. Ibi tí oníṣẹ́ fídíò gbàgbé kámẹ́rà sí títàn, tí ó ń ya ọjà àti àwọn tí ń kọjá, lè jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ wa yóò fẹ́ wò jù lọ.

Ẹ̀dà méjì ni a ń fẹ́. Ti ìfipamọ́ kò gbọ́dọ̀ fún pọ̀ jù: bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní DV, wákàtí kan yóò gba nǹkan bí gígábáìtì 13. Ti ìwòran lè kéré púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti VCD rọrùn jù, nítorí pé ẹ óò kàn ṣí fódà MPEGAV tí ó wà nínú àwo, ẹ óò da fáìlì DAT inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ má sì gbàgbé pé fíìmù gígùn kan sábà máa ń wà lórí àwo méjì.

Ẹ sọ fáìlì ní orúkọ tí kò ní àmì ohùn nínú, irú bí ketu_1994_gelede_01, nítorí pé kọ̀ǹpútà mìíràn lè sọ àmì náà di nǹkan mìíràn. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ni kí àmì ohùn wà, kí orúkọ ènìyàn sì pé níbẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan ní Kétu, ọ̀kan ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, ìkẹta lọ́dọ̀ ọmọ ìlú tí ó wà lókèèrè. Àwọn háádì dísìkì mẹ́ta tí ó wà nínú dúróọ̀ kan náà kò yàtọ̀ sí ẹyọ kan lọ́jọ́ tí iná bá sọ tàbí tí olè bá wọlé.

Àṣẹ, àti ohun tí kì í ṣe fún ojú gbogbo ènìyàn

Pé a ra kásẹ́ẹ̀tì kò túmọ̀ sí pé a lè fi í han gbogbo ìlú. Òfin 2005-30 tí orílẹ̀-èdè Benin ṣe ní oṣù Kẹrin ọdún 2006 dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́, BUBEDRA sì ni ọ́fíìsì tí ń bójú tó o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe fíìmù; bí ó bá ti kú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìwé kékeré kan ní èdè Faransé àti Yorùbá, tí wọ́n bu ọwọ́ lù, ti tó.

Àṣẹ kejì kò sí nínú òfin ìjọba. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí Orò wà nínú wọn, àwọn mìíràn fi eégún hàn níbi tí wọ́n ti ń múra. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ pé ohun tí ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àṣírí mọ́, ṣùgbọ́n èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìlú tí ó bá rí i pé ẹ tú awo síta kò ní gbé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn wá fún yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣeé fi han gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì fi í sọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.

Orin Ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń kọ ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, náà gba àkíyèsí. Ẹ̀fẹ̀ máa ń bú ènìyàn ní gbangba ní òru, ọmọ ẹni tí wọ́n fi orin bú ní ogún ọdún sẹ́yìn sì lè jókòó ní iwájú aṣọ funfun yín. Nítorí náà, ẹ pe àwọn àgbà mélòó kan ní ọ̀sán, ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, kí wọ́n wò ó pẹ̀lú yín ní yàrá. Ìjókòó ọ̀sán yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ ohun tí ó yẹ kí ẹ yọ kúrò, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ yóò ti jáde: ta ni ó gbẹ́ ère orí yìí, ta ni onílù, adúgbò wo ni èyí, ọdún wo ni. Ẹ dá fíìmù dúró nígbàkigbà tí àgbà kan bá sọ̀rọ̀, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tí ó wà. Fíìmù tí a kò mọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́ ti sọ ìdajì nù, bí àwòrán rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ kedere.

Alẹ́ ìwòran

Ẹgbẹ́ CNA (Cinéma Numérique Ambulant), tí ń gbé sinimá káàkiri abúlé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, ti fi hàn ní Benin, Niger àti Mali pé pírójẹ́kítọ̀ kan, aṣọ funfun kan, gbohùngbohùn àti jẹnẹrétọ̀ tó láti ṣe sinimá ní abúlé. Àkókò ọyẹ́ ló dára jù, nítorí pé òjò kì í rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ nu eruku ojú gíláàsì pírójẹ́kítọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun ìṣáì tán kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ilẹ̀ á ti ṣú dáadáa nígbà náà.

Fún àwòrán tí ó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin, ẹ wá pírójẹ́kítọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dín ní lúmẹ́ẹ̀nì 3000. Ẹ na aṣọ náà le koko, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ju orí àwọn tí ó jókòó lọ. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sẹ́yìn ilé kan, ẹ sì fi ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ agbára iná sáàárín òun àti pírójẹ́kítọ̀. Fídíò àtijọ́ kò fẹ̀ bí ti òde òní, nítorí náà ẹ fi í sí 4:3, ìyẹn fífẹ̀ mẹ́rin sí gíga mẹ́ta. Bí ẹ bá nà án kí ó lè kún aṣọ, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ yóò sanra, àwọn èrò á sì máa rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ.

Ẹ yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò jókòó sáàárín èrò pẹ̀lú ìwé àti bírò, nítorí pé orúkọ yóò máa bọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn bí wọ́n bá ti ń rí bàbá àti ìyá wọn. Àwọn kan yóò sunkún. Ẹ má tan iná sí wọn, ẹ má sì yà wọ́n. Bí fíìmù bá parí, ẹ jẹ́ kí pírójẹ́kítọ̀ tutù kí ẹ tó yọ okùn iná rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ kọ gbogbo orúkọ tuntun sínú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ dá ojúlówó padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, kí ẹ sì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà ohun tí ó jẹ́ tiwọn. Ẹ máa ṣí háádì dísìkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dọọdún, kí ẹ sì kó ohun tí ó wà nínú wọn sórí tuntun ní ọdún márùn-ún márùn-ún.