Wọ́n Ní Kí N Dín Ara Kù, Wọn Ò Sọ Bí N Ṣe Máa Rìn Tí Ìtọ̀ Ò Ní Jò

Owó páàdì tí mo fi ń gba ìtọ̀ tó ń jò lára mi ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Tẹ́lẹ̀, páàdì kan ń gbé mi di alẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀kan ò tó mọ́, mo wá ń di òmíràn pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ sínú báàgì kí n tó jáde nílé. Lọ́jọ́ tí mo jókòó ṣírò ohun tó ń bá a lọ lóṣù, ó ju owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lọ. Owó tí ò wo nǹkan kan sàn, tó kàn ń gba omi dúró, ni mo ń ná. Gbogbo ẹni tí mo bá sì fẹjọ́ sùn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Àgbà ló dé yẹn, Mà, ẹ fara mọ́ ọn." Mi ò fara mọ́ ọn.

Mi ò ní fi àyẹ̀wò pẹ́ yín. Wọ́n wo ìtọ̀ mi bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, wọ́n wo ṣúgà, wọ́n sì yẹ àwọn oògùn tí mo ń lò wò, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó máa ń lé omi jáde lára, òmíràn sì wà tó máa ń fa ikọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn. Ohun tí wọ́n bá mi rí ni oríṣi méjèèjì pọ̀: èyí tó ń jò nígbà tí mo bá wúkọ́, tí mo sín, tí mo rẹ́rìn-ín tàbí tí mo gbé nǹkan tó wúwo, àti èyí tí ìtọ̀ á ṣàdédé gbọ̀n mí, tí mi ò sì ní dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kó tó bọ́. Ti àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù.

Dókítà ní kí n dín ara kù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ọ̀rá tó pọ̀ nínú ikùn máa ń tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru, àwọn iṣan tó gbé àpò náà ró nísàlẹ̀ abẹ́ á sì máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá lára àwa tí a ti bímọ, tí nǹkan oṣù wa sì ti dúró. Lọ́dún 2009, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PRIDE jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú obìnrin 338 tó sanra, tí ìtọ̀ ń jò lára wọn. Láàárín oṣù 6, àwọn tí wọ́n tọ́ sọ́nà dáadáa lórí oúnjẹ àti eré ìdárayá dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 8 nínú 100, iye ìgbà tí ìtọ̀ ń jò lára wọn lọ́sẹ̀ sì fi ìdá 47 nínú 100 dín. Àwọn tí wọ́n kàn là lọ́yẹ̀ náà rí àyípadà, àmọ́ ìdá 28 ni tiwọn. Ẹ wò ó, kì í ṣe pé wọ́n di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìdá 8 péré ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Èyí ló fún mi lọ́kàn láti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo wá há sí nìyí. Wọ́n ní kí n máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́. Mo wọ bàtà, mo jáde. Kí n tó rin jìnnà, mo ti tutù. Tí gìgísẹ̀ mi bá ti gbálẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára bí ìtọ̀ ṣe ń já wálẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Mo wá dín ẹsẹ̀ kù, mo ń rìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, irú ìrìn tí kì í jẹ́ kí ara ó gbóná rárá. Mo so aṣọ òtútù mọ́ ìdí kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀yìn ṣòkòtò mi, mo sì padà sílé pẹ̀lú ìbínú. Eré ìdárayá tí wọ́n ní kó wò mí sàn gan-an ló ń da ìtọ̀ sí mi lára!

Mo padà lọ sọ fún wọn. Ẹni tó dá mi lóhùn ní kí n ra páàdì tó nípọn sí i. Ẹ gbọ́, ohun tí mo ń sá fún gan-an! Ẹlòmíràn níbẹ̀ ní kí n dín omi mímu kù. Mo dín in kù. Ìtọ̀ mi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ìtọ̀ tó bá ki jù máa ń ta àpò ìtọ̀. Ìgbẹ́ mi náà le koko. Ìgbẹ́ tó bá dì sínú ìfun máa ń tì mọ́ àpò ìtọ̀, kíkanra láti yà á sì tún ń dá kún àárẹ̀ àwọn iṣan abẹ́. Ní gbogbo àsìkò yìí, òṣùwọ̀n ò yẹ̀ rárá. Mi ò lè rìn, mi ò lè mu omi, ara sì wà níbi tó wà. Ó dùn mí gan-an, torí àwọn tó yẹ kó mọ̀ ló gbà mí nímọ̀ràn yẹn.

Ẹni tó tú mi sílẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó jẹ́ físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan ara. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Mọ́mì, ṣé ẹnikẹ́ni ti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fa abẹ́ sókè?" Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Ó ní kí n ṣe bí ẹni tó fẹ́ sé isó àti ìtọ̀ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, kí n fà á wọ inú, sókè, láìsé èémí, láìfún ìdí tàbí ikùn pọ̀. Kí n mú un dúró díẹ̀, kí n sì tú u sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ léra wọn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ó yẹ̀ mí wò bóyá òkè ni mò ń fà á sí lóòótọ́, torí ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń tì í sísàlẹ̀. Ó tún kìlọ̀ pé kí n má fi ìtọ̀ tí mò ń tọ̀ lọ́wọ́ dánra wò, torí ó lè jẹ́ kí ìtọ̀ ṣẹ́ kù sínú àpò. Ó wá kọ́ mi ní ọgbọ́n kan: kí ikọ́ tàbí sísín tó jáde, kí n ti fa abẹ́. Lórí ìdúró ní yàrá rẹ̀ ni mo ti dán an wò, mo wúkọ́ gidi, aṣọ mi gbẹ. Inú mi dùn débi tí mo tún un wú.

Òun náà ló ní kí n fi ìrìn kíákíá sílẹ̀ ná, kí n jẹ́ kí oúnjẹ ṣíwájú. Mo fi omi rọ́pò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, mo dín oúnjẹ inú àwo kù, mo fi ewébẹ̀ dí àyè tó ṣófo. Ẹ̀wà, èso àti ewébẹ̀ mú kí ìgbẹ́ rọ̀. Mo padà sí omi mímu bó ṣe yẹ, ife mẹ́fà sí mẹ́jọ, mo pín in káàkiri ọjọ́, mo sì ń dá a dúró ní wákàtí méjì sí mẹ́ta kí n tó sùn.

Ọmọ náà tún ní kí n fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ohun tí mo mu, ìgbà tí mo tọ̀ àti ìgbà tó jò sílẹ̀. Inú ìwé yẹn ni tíì ti tú síta: lẹ́yìn ife tíì ni ìtọ̀ máa ń gbọ̀n mí jù. Kafíìnì inú tíì àti kọfí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi dín in kù, torí téèyàn bá já a lójijì, ẹ̀fọ́rí ni. Wọ́n ní ọsàn àti ata náà máa ń da àwọn kan láàmú. Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan, nítorí náà mo ń jẹ wọ́n. Ẹ má gbé gbogbo nǹkan kúrò lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní mọ èyí tó ń jà yín.

Nígbà tí òṣùwọ̀n yẹ̀, ó yẹ̀ dáadáa. Ìgbà yẹn ni mo tún wọ bàtà jáde, mo ti tọ̀ kí n tó kúrò nílé, mo sì ń fa abẹ́ tí mo bá dé ibi gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Mo rìn kíákíá lọ, mo rìn kíákíá bọ̀, kò jò. Mo fi yangàn fún gbogbo ilé.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ń bi, físíò ni kí ẹ béèrè fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti ní kí ẹ dín ara kù. Ẹ má sì gba ti ẹni tó ní kí ẹ fi òùngbẹ pa ara yín, àfi tí dókítà bá dá omi dúró nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tí ìtọ̀ ò jáde mọ́, tàbí tí abẹ́ àti ẹsẹ̀ bá ṣàdédé kú tipiri, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ti òru ló kù tí mo ń bá fà á, mo ṣì ń dìde tọ̀. Dókítà ní kí n máa gbé ẹsẹ̀ sókè nírọ̀lẹ́, torí omi tó bá dúró sí ẹsẹ̀ lọ́sàn-án máa ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ téèyàn bá dùbúlẹ̀, kíndìnrín á sì sọ ọ́ di ìtọ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó tí mo fi lè sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí.