Ooru Inú Àpótí Òròmọdìẹ: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe É Tí Kò Ní Dá Iná Sílẹ̀

Òròmọdìẹ ọjọ́ kan kò tíì ní ìyẹ́ tó lè mú ara rẹ̀ móoru. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 32 sí 35°C ló ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dín in kù ní nǹkan bí 3°C lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan àpótí ni kí iná wà, kí èyí tí ooru bá mú lè rí ibi sá sí.

Fún adìẹ 50, àpótí ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú, 4 lóòró, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi páálí dí igun rẹ̀ kó rí róbótó. Bí òtútù bá mú wọn, inú igun ni wọ́n ti ń gun ara wọn lórí, èyí tó wà nísàlẹ̀ a sì kú. Pákó fífá ọ̀dọ̀ káfíńtà ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ má lo ìyẹ̀fun pákó, wọn yóò máa ṣà á jẹ.

Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná janjan ni kí ẹ rà. LED ń tan ìmọ́lẹ̀ lásán ni. Oníwáàtì 100 méjì sàn ju oníwáàtì 200 kan lọ, torí bí ọ̀kan bá jó, èkejì á ṣì máa ṣiṣẹ́. Holder oníke máa ń yọ́, ti tánganran ni kí ẹ lò. Ẹ gbé gílóòbù kọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sókè pákó fífá náà, kí ẹ sì fi àwọ̀n onírin yí i ká. Ṣéènì ni kó gbé e dúró, ẹ má ṣe fi wáyà iná gbé e kọ́ láéláé: ooru á mú rọ́bà ara wáyà rọ̀, gílóòbù á já bọ́ sórí pákó gbígbẹ, ó di iná. Ẹ so okùn irin kejì mọ́ ọn, bí ṣéènì bá já. Omi mímu, ẹ̀gbẹ́ kejì ni kó wà, torí bí omi bá ta sí gílóòbù gbígbóná, ó lè fọ́.

Ẹ tan iná náà ní ọjọ́ kan ṣáájú kí àwọn ẹyẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan wáyà àti púlọ́ọ̀gì. Bí wọ́n bá gbóná, wáyà tín-ín-rín jù tàbí ojú ibi tí ẹ ti so ó kò le dáadáa. Ẹ̀yìn ẹyẹ ni kí tẹmómítà ga dé.

Bí iná ìjọba bá lọ, èédú inú ìkòkò amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ìta ni kí ẹ ti dá a, títí èéfín yóò fi tán tí eérú funfun yóò bò ó. Ẹ gbé ìkòkò náà sórí búlọ́ọ̀kù, kí ẹ fi àwọ̀n yí i ká. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè tàpólì ara fèrèsé, torí èédú tó ń jó ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò lóòórùn, tí ojú kò sì lè rí. Ó ń pa ẹyẹ, ó sì ń pa ènìyàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sùn nínú yàrá yẹn. Jẹnẹrétọ̀ náà, ìta ni, kó jìnnà sí fèrèsé.

Ẹ máa wo àwọn ẹyẹ fúnra wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n ju tẹmómítà lọ. Bí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ iná tí wọ́n ń ké, òtútù ni. Bí wọ́n bá sá fún un, tí wọ́n la ẹnu tí wọ́n na ìyẹ́ sílẹ̀, ooru pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, atẹ́gùn ń wọlé láti ibì kan, ẹ wá a rí kí ẹ dí i. Bí ooru bá pọ̀ jù, ẹ gbé gílóòbù sókè díẹ̀ kí ẹ tó ronú láti pa á.