Kí Ẹ Tó Gbé Pílánù Ilé Lọ sí Ọ́fíìsì: Bí A Ṣe Ń Wọn Ilẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Yà Á Sórí Bébà

Àgbẹ̀ tó fẹ́ kọ́ ilé adìẹ tàbí ilé tí wọ́n ti ń yan gààrí, àti ìdílé tó ti ra ilẹ̀ tí kò tíì gbé bíríkìlà débẹ̀, ni a kọ ìwé yìí fún. Kò ní sọ yín di ayàwòrán-ilé. Àwòrán tí ìjọba máa fọwọ́ sí, ayàwòrán-ilé tó ní òǹtẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yà á. Ṣùgbọ́n àwòrán àkọ́kọ́, èyí tí ẹ máa gbé síwájú onítọ̀hún tí ẹ ó fi bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ yà á. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá lórí ilẹ̀ yín nígbà òjò.

Ohun tí mo máa ń rí nìyí: ẹnì kan á ra pílánù tó rẹwà lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà rí. Yàrá mẹ́rin, pálọ̀ méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú. Ọjọ́ tí wọ́n bá ta okùn sílẹ̀ ni wọn á tó mọ̀ pé ilé orí bébà fẹ̀ ju ilẹ̀ lọ.

Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 ní Nàìjíríà là á sílẹ̀ pé kí ènìyàn gba ìwé àṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé, kì í ṣe ìgbà tí ilé bá ti dé ojú fèrèsé. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ́fíìsì ètò ìlú tirẹ̀. L'Ékòó, LASPPPA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. LASBCA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ló ń wá wò ó bóyá ohun tí ẹ ń kọ́ bá ohun tí wọ́n fọwọ́ sí mu.

Ìwé sọ́fè ni ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ gbé ìwé sọ́fè yín kalẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ wá wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ tí SURCON, ìgbìmọ̀ àwọn wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ ní Nàìjíríà, mọ̀, ẹ má lo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe é ní kọ̀rọ̀. Lórí ìwé yẹn ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà bíkìn kọ̀ọ̀kan (òpó sìmẹ́ǹtì kékeré tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀), gígùn láti bíkìn kan sí èkejì, ọfà tó ń tọ́ka sí àríwá, àti bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó. L'Ékòó, ẹ tún bi wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ náà bóyá ó ti fi Red Copy, ìyẹn ẹ̀dà ìwé sọ́fè tó jẹ́ ti ìjọba, sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ ìjọba. Kó sì bá yín wò ó níbẹ̀ bóyá ilẹ̀ náà kò bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà, nítorí kò sí àwòrán tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "pílọ́ọ̀tì kan." Àwọn kan ń ta ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìyẹn mítà 15.24 sí 30.48. Àwọn mìíràn ń ta 60 sí 120, tí ìwé sọ́fè sábà máa ń kọ ní mítà 18 sí 36. Pílọ́ọ̀tì ni ẹni méjèèjì ń pè é.

Ẹ lọ wọ̀n ọ́n fúnra yín

Ẹ yá téèpù onímítà 30. Téèpù káfíńtà onímítà 5 tí a ń sún síwájú léraléra máa ń jí sẹ̀ǹtímítà díẹ̀díẹ̀ gbé, nígbà tí ẹ bá fi máa dé òpin ilẹ̀, ó ti di nǹkan. Ẹni kan á di orí rẹ̀ mú lórí bíkìn, ẹnì kejì á fà á le. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ gbé e sókè kó tẹ́jú bí ojú omi. Ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́ ilẹ̀, torí gígùn tó tẹ́jú ni wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ kọ sínú ìwé.

Lẹ́yìn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wọn igun sí igun, láti iwájú òsì lọ sí ẹ̀yìn ọ̀tún, kí ẹ sì wọn èkejì. Ilẹ̀ onímítà 18 sí 36 tí igun rẹ̀ gún régé, mítà 40.25 ni igun sí igun rẹ̀ lọ́nà méjèèjì. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 41, tí èkejì jẹ́ 39 àti díẹ̀, ilẹ̀ náà ti wọ́. Kì í ṣe ìjà, ẹ ṣáà yà á bó ṣe wọ́. Ilẹ̀ tó wọ́ tí a yà ní gígún ni bíríkìlà máa ń fi ògiri gba fẹ́ǹsì aládùúgbò.

Síkéèlì kò le

Síkéèlì ni àdéhùn láàárín bébà àti ilẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 1:100, sẹ̀ǹtímítà 1 lórí bébà dúró fún mítà 1 lórí ilẹ̀. Yàrá onímítà 3.6 á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.6, ẹnu ọ̀nà onímìlímítà 900 á jẹ́ mìlímítà 9, kò tó ìbú àtàǹpàkò. Síkéèlì yìí ni wọ́n sábà fi ń ya inú ilé. Ti gbogbo ilẹ̀, 1:200 rọrùn: mítà 1 di mìlímítà 5, ilẹ̀ onímítà 18 sí 36 á di sẹ̀ǹtímítà 9 sí 18, bébà A4 á sì gbà á pẹ̀lú àyè tí ẹ ó fi kọ̀wé. Bébà gíráàfù tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ti tó, pẹ̀lú rúlà àti pẹ́ńsùlù. Ẹ má fi bírò bẹ̀rẹ̀.

Mìlímítà ni àwọn ayàwòrán-ilé ń kọ sára àwòrán, wọn kì í sì í kọ "mìlímítà" sí i. 3600 tí ẹ rí níbẹ̀, mítà 3.6 ni. Bíríkìlà á sọ fún yín pé "twelve by twelve" nìyẹn, àmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66. Sẹ̀ǹtímítà 6 yẹn kéré nínú yàrá kan. Tí ẹ bá to mẹ́rin síra, ó ti ju ìbú búlọ́ọ̀kù kan lọ.

Ògiri náà ń jẹ ilẹ̀

Ibí ni èmi fúnra mi ti kọ́gbọ́n. Ilé adìẹ mi àkọ́kọ́, inú yàrá nìkan ni mo wọ̀n, mo rò wọ́n pọ̀, mo sì yọ̀ pé ó wọlé. N kò ka ògiri. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù délẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó fẹ́ǹsì, kò sì sí ibi tí bárò ìgbẹ́ adìẹ máa gbà. A wó ìlà kan.

Ẹ wò ó báyìí. Ilẹ̀ yín fẹ̀ ní mítà 18. Ká ní ọ́fíìsì sọ pé kí ẹ fi mítà 3 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mítà 12 ló kù. Yàrá mẹ́ta onímítà 3.6 tí wọ́n tò síra jẹ́ mítà 10.8. Ògiri mẹ́rin ló máa dá wọn dúró, búlọ́ọ̀kù onííǹṣì 9 ni, ìyẹn mìlímítà 225 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ mítà 0.9. Ó di 11.7. Ó wọlé, sẹ̀ǹtímítà 30 ló ṣẹ́ kù. Tí ẹ bá fẹ́ yàrá mẹ́rin lọ́nà kan náà, mítà 15.525 ni, kò lè ṣeé ṣe, ẹnikẹ́ni tó bá sì yà á fún yín kò fẹ́ ire yín. Lórí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50, yàrá méjì péré ló máa wọlé lọ́nà yìí.

Ẹ rántí ẹnu òrùlé. Ó máa ń yọ jáde kọjá ògiri, omi rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dà sílẹ̀ yín. Iye mítà tí ẹ ó fi sílẹ̀ kì í dọ́gba níbi gbogbo, ti iwájú pàápàá máa ń tẹ̀lé bí ojú ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì kí ẹ tó fa ìlà kankan.

Ohun tó yẹ kó hàn lórí àwòrán ilẹ̀

Ọfà àríwá, ojú ọ̀nà àti orúkọ rẹ̀, gọ́tà, òpó iná, igi ńlá tí ẹ kò ní gé, ibi tí ilẹ̀ ń dà sí. Ilé adìẹ, ẹ jẹ́ kí gígùn rẹ̀ lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn má baà máa wọ inú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Kànga àti sókàwéè ni kí ẹ fi ara balẹ̀ sí jù. Mítà 30 ni àwọn elétò ìlera ń fẹ́ láàárín wọn, ilẹ̀ kan ṣoṣo kì í sì í fẹ́ gbà á. Ẹ fi ọ̀kan sí igun iwájú, èkejì sí igun ẹ̀yìn tó dojú kọ ọ́, kí kànga wà lápá òkè níbi tí omi ilẹ̀ ti ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọjú wo òdìkejì fẹ́ǹsì. Sókàwéè aládùúgbò lè wà ní mítà 5 péré sí kànga yín, ó sì yẹ kí ìyẹn náà wà lórí bébà. Ẹ kí wọn dáadáa kí ẹ tó béèrè ibi tí ṣaláńgá wọn wà.

Nígbà tó bá di ti ẹni tó ní òǹtẹ̀

Òun ló máa ya inú ilé, iwájú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òrùlé, àti èyí tó dà bí ẹni fi ọ̀bẹ gé ilé sí méjì. Ẹ bi í bóyá ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ó nílò ẹnjiníà tí COREN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà, mọ̀ fún irin àti ìpìlẹ̀.

Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fa igi ìwọ̀n kékeré sí ìsàlẹ̀ bébà kọ̀ọ̀kan, tó ń fi mítà 1, 2, 5 hàn. Ìdí rẹ̀ ni ẹ̀rọ ẹ̀dà. Tí oníṣọ́ọ̀bù bá sún A3 kì sórí A4, sẹ̀ǹtímítà tó dúró fún mítà 1 á di mìlímítà 7, bẹ́ẹ̀ 1:100 ṣì wà níbẹ̀ gàgàrà. Ẹni tó bá fi rúlà wọn irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ á kọ́ ilé tó kéré. Igi ìwọ̀n náà á sún kì pẹ̀lú àwòrán, kò lè parọ́.

Nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní títóbi kan náà fún bíríkìlà, ẹ fi ọ̀rá bò ó, torí ọwọ́ sìmẹ́ǹtì ni yóò máa fi ṣí i. Èyí tó ní òǹtẹ̀ ìjọba, inú ilé ni kó wà, kó ṣeé mú jáde ní kíá lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú bá dé. Bí ẹ bá fẹ́ sún ògiri kan, kódà ti kíṣìnì, ọ́fíìsì lẹ ó kọ́kọ́ lọ.